Ìgò Kẹta

Ìwé kan wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Quequish,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkéde ìdíje họ́kì:
Ẹ se omi kí ẹ tó mu ún.
Ó ti pọ́n bí eyín arúgbó tó ń fa tábà.
Ọdún kọkànlélógún rèé tó ń sọ gbólóhùn kan náà.
Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀
ti bí ọmọ tirẹ̀,
omi inú ike ló sì fi ń wẹ̀ ẹ́.
Èmi nọ́ọ̀sì tó wá fún oṣù mẹ́ta, tó di ọdún mẹ́ta,
èmi ni mò ń fi ìpara pa èéyí lára wọn.

Adágún náà kò jìnnà o.
Ju òkúta láti ojú fèrèsé, wàá gbọ́ bó ṣe já sómi.
Níbi tí wọ́n ti bí mi, wọ́n ní
a kì í gbé ẹ̀bá odò ká fi itọ́ ṣan ọwọ́.
Níhìn-ín, ẹ̀bá odò ni wọ́n ń gbé,
ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé omi wá fún wọn,
bí ẹni ń gbé iyọ̀ lọ tà fún òkun.

Jemima Sainnawap ló ń tọ́jú ilé ẹ̀rọ omi.
Ẹ̀rọ méjì: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ìkejì ń ṣàárẹ̀.
Ó mọ ikọ́ wọn bí abiyamọ ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ lóru,
èyí ti yìnyín ni, èyí ti iyanrìn.
Lóṣù Kínní, nígbà tí òtútù ń la igi, tó ń dún bí ìbọn,
ó tẹ́ ẹní sídìí páìpù,
ó mú ẹ̀rọ tí ọmọ rẹ̀ fi ń gbẹ irun,
ó ń fẹ́ ooru sí i lọ́rùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹnjiníà kan máa ń wá láti ìlú ńlá.
Bàtà rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ tó gbé e wá kì í paná dè é.
Á wo èyí, á wo tọ̀hún,
á ní, "A óò kọ ọ́ sínú ìjábọ̀."
Ìjábọ̀ ibẹ̀ pọ̀ débi pé tí a bá tẹ́ wọn sórí adágún,
èèyàn á fẹsẹ̀ rìn sódì kejì láìsí yìnyín.

Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú jókòó fúnra wọn.
Tobit Winter mú àwòrán adágún tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ yà wá,
ibi tó jìn, ibi tó máa ń rú nígbà tí yìnyín bá yọ́.
Ó fi ìka tẹ ibì kan:
"Inú ẹrẹ̀ ni ẹnu páìpù yín wà."
Wọ́n sún un. Igba mítà péré.
(Ó ní òun ti sọ ọ́ lọ́dún àkọ́kọ́.
Kò sí àyè fún un nínú fọ́ọ̀mù.)

Ó wá ku ìgò mẹ́ta.
Ilé àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ rí omi mímọ́ lẹ́ẹ̀mẹta léraléra,
ìgò kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ sun oorun méjì lọ́nà.
Ìkíní lọ. Ó mọ́.
Ìkejì lọ. Ó mọ́.
Ìkẹta pàdé kùrukùru.
Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ojú ọ̀run wálẹ̀ wá jókòó sí pápákọ̀ òfuurufú.
Jemima gbé kúlà kékeré sápá bí ọmọ tuntun,
ó ń tẹ́tí sí ọkọ̀ tí kò dún.
Ó dà á nù. Ó bu òmíràn.
Ó dà á nù. Ó bu òmíràn.
Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi èdè ìyá rẹ̀
sọ gbólóhùn kan sí kùrukùru náà.
N kò bi í ní ìtumọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ dún.

Ojú mi ni wọ́n ṣe já ìwé náà kúrò.
Ojú ibẹ̀ ṣẹ́ kù ní funfun,
bí awọ tí bàndéèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Lálẹ́, ìyá Jemima gbé kẹ́tùlù kaná.
"Màámi, omi ti mọ́."
"Mo mọ̀."
Kò sọ ọ́ kalẹ̀.
Ọmọ kékeré náà lọ sídìí ẹ̀rọ, ó yí i,
ó na ìka kan sómi,
ó wá yíjú padà, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan,
kó lè mọ ẹni tí yóò kígbe.